Òjò Ọjọ́ Mọ́kànlá

Bí ènìyàn bá béèrè orúkọ àbísọ obìnrin náà ní yunifásítì tó ti ń ṣèwádìí, àfàìmọ̀ kó má rí ẹni dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n bó bá ní Kílófàá lòún ń wá, ẹni tó ń gbálẹ̀ pàápàá á fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ júwe yàrá rẹ̀.

Orúkọ yẹn kò ṣàdédé wá. Ọdún kẹrin nìyí tó ti ń káàkiri ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, pẹ̀lú bàtà tó kún fún sìmẹ́ǹtì, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì ń bi gbogbo ayé: ilé tí ẹ ní yóò parí lóṣù kẹfà, tó wá di oṣù kẹwàá, kí ló fà á? Àwọn bíríkìlà ti sọ ọ́ di eré. Bó bá ti ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀kan á ti ké láti orí àkàbà pé, "Ẹ tún ara yín ṣe o, Kílófàá ti dé."

"Màmá, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ebi ló fà á."

"Ebi ti àná àbí ti òní?" lòun náà á fi dáhùn, wọn á sì jọ rẹ́rìn-ín.

Kì í bínú. Inú ariwo òòlù ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Fọ́máànù ni bàbá rẹ̀, ó sì mọ̀ láti kékeré pé ẹni tí oníṣẹ́ ọwọ́ kò bá fi ṣeré ni kó máa ṣọ́ra.

Àpótí páálí méjìlá ló wà nínú yàrá rẹ̀, àpótí kan fún ilé kan. Inú wọn ni ìwé ojoojúmọ́ wà, èyí tí fọ́máànù máa ń kọ ní ìrọ̀lẹ́ kí ó tó ti ilẹ̀kùn: iye ẹni tó wá síṣẹ́, ohun tí wọ́n ṣe, ohun tó dá wọn dúró. Ètò iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, bébà fífẹ̀ tí wọ́n fa ìlà sí láti fi hàn pé èyí ni yóò ṣáájú, èyí ni yóò tẹ̀ lé e. Lẹ́tà tún wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lára wọn. Láàárín ọdún mẹ́rin, ó ti tú mọ́kànlá nínú àwọn àpótí náà. Ìkejìlá wà lábẹ́ tábìlì, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kàn án bó bá jókòó. Ó máa ń sọ pé ìkẹyìn lòún fi í sí nítorí pé ilé inú rẹ̀ ló kéré jù. Kò sí òótọ́ níbẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí kan ni ìwé inú rẹ̀ dá lé, bàbá rẹ̀ ni fọ́máànù tó kọ́ ọ, ìyá rẹ̀ sì kú nítorí pé ilé náà kò tíì ṣí.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Ìyá rẹ̀ wà nínú oyún, ilé ìgbẹ̀bí sì ń ga sókè ní òpin àdúgbò wọn, ibi tí aboyún lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé. Obìnrin náà a máa fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí oúnjẹ.

"Fọ́máànù, ṣé ẹ ti bá mi mú ibùsùn? Ẹ má fi mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé o, mo mọ bí fèrèsé yín ṣe máa ń jò."

"Ọjọ́ karùn-ún oṣù tó ń bọ̀ la ó fa kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́," ni ọkọ rẹ̀ á wí. "Sọ fún ẹni inú rẹ kó fara balẹ̀."

Ọjọ́ karùn-ún dé, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà nínú àpò bàbá. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ìrọbí mú ìyá rẹ̀. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn ńlá tó wà lọ́nà jíjìn, òun àti ọmọ inú rẹ̀ kò sì débẹ̀ láàyè. Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni ilé ìgbẹ̀bí náà tó ṣílẹ̀kùn. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi pẹ́.

Láti ìgbà náà ni bàbá rẹ̀ ti dákẹ́. Kì í ṣe pé kì í sọ̀rọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń ṣàwàdà, ó rán ọmọ rẹ̀ nílé ìwé títí ilé ìwé fi sú ọmọ. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé kan tí kò sí àpótí mìíràn mọ́ tó lè sá pamọ́ sí, Kílófàá fa ìkejìlá jáde.

Ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ pàdé, àwọn lẹ́tà tó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè. Ó ń ṣí i lọ ní ewé kọ̀ọ̀kan. Ìpìlẹ̀, ògiri, òpó irin táǹkì omi. Nígbà tí iṣẹ́ dé orí òrùlé, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. "Òjò. A kò lè gun òrùlé lónìí." Ọjọ́ kejì, òjò. Ọjọ́ kẹta, òjò. Ó kà á dé mọ́kànlá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀ kì í gba òjò gbọ́. Àgbàlagbà ni, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan lágbo àwọn agbaṣẹ́ṣe. A máa sọ pé, "Kò sí fọ́máànù tí kò fẹ́ràn òjò. Òjò kì í wá jẹ́rìí ní kóòtù." Nítorí náà ó ti di àṣà Kílófàá pé bó bá ti rí òjò nínú ìwé, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wọn òjò, kó lọ wo ohun tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà. Ó mú ìwé tiwọn, ó fi ìka tọ ọ́ lọ. Òdo ni wọ́n kọ síbẹ̀. Òdo, òdo, òdo, mọ́kànlá tò tẹ̀ léra. Ẹ̀kán òjò kan kò kán sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mọ́kànlá yẹn.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. Kò nílò ìwé kankan mọ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀.

Àbúrò ìyá rẹ̀ ni káfíńtà òrùlé. Ológbò ni gbogbo ènìyàn ń pè é, torí pé igi tí ẹlòmíràn ń rá kọjá lórí rẹ̀, ńṣe lòun ń rìn ín bí ọ̀nà oko. Àìsàn ibà gbé e ṣánlẹ̀ lásìkò òrùlé yẹn gan-an. Yàrá ẹ̀yìn ilé wọn ló dùbúlẹ̀ sí, Kílófàá ló ń gbé omi tútù lọ fún un. Òfin agbaṣẹ́ṣe sì le: ẹni tó bá pa iṣẹ́ jẹ ní ọjọ́ mẹ́ta, wọn á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ òjò nìkan ni wọn kì í kà mọ́ ọn lọ́rùn. Ó rántí ìyá rẹ̀ nínú àgbàlá, pẹ̀lú oyún níwájú, tó ń sá àwọn aṣọ kéékèèké sórí okùn.

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àbúrò mi," ni ìyá rẹ̀ ń wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti lé e níbòmíràn. Bí èyí bá tún bọ́, ta ló máa gbà á?"

Bàbá rẹ̀ gbójú sókè, ó wo ojú ọ̀run tó mọ́ kedere. "Ìwé ni wọ́n ń wò," ló ní. "Wọn kì í wo ojú ọ̀run."

Ọmọdé kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì mọ̀ ọ́n. Òjò ọjọ́ mọ́kànlá, ilé fi ọjọ́ mọ́kànlá pẹ́. Èyí tí bàbá rẹ̀ kó sínú láti ọjọ́ yìí wá, ìṣirò ìyọkúrò ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni: yọ òjò náà kúrò, ilé á ṣí ní ọjọ́ karùn-ún. Ó wá yé e ìdí tí Ológbò fi gbé òòlù rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wọn lẹ́yìn ìsìnkú, tó sì lọ sí ìlú òkèèrè, níbi tó ti ń di bàtà sínú páálí fún ọgbọ̀n ọdún, tí kò tún gun òrùlé mọ́. Ọdọọdún ló máa ń tẹ bàbá láago. "Ṣé dáadáa ni?" "Dáadáa ni. Ìwọ náà ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ wọn kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ológbò ti kú. Ó di ọdún méjì báyìí. Àpótí kẹjọ ni Kílófàá ń tú lọ́wọ́ nígbà náà.

Ó lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Ọ̀gá, ṣé ilé mọ́kànlá kò lè tó? Kékeré ni ìkejìlá."

Bàbá náà wò ó látòkè awò. "Ó lè tó. Ṣùgbọ́n kí ló fà á?"

Ó ní kí òun má rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì já sí ẹkún. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́ ọ tán, kò kí i kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ohun tó sọ ni pé, "Ṣé o ti ṣírò rẹ̀, àbí ojú lo fi wò ó?"

"Mọ́kànlá àti mọ́kànlá ni, sà."

"Ìṣirò tí ọ̀fọ̀ bá ṣe, kì í pé. Ìwọ lo ń kọ́ àwọn ọmọ níbí pé kì í ṣe gbogbo ìdádúró ló ń dá ilé dúró. Ẹni mẹ́ta jọ fẹ́ rìnrìn àjò. Ọ̀kan ṣì wà nílé ìwẹ̀, èkejì ń wá bàtà. Ẹni tó ń wá bàtà, ta ló dá dúró bí ẹni tó ń wẹ̀ kò bá tíì jáde? Àyè mímí wà fún un. Lọ wò ó bóyá òrùlé yẹn ní àyè mímí."

Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é. Ó ta gbogbo iṣẹ́ ilé ìgbẹ̀bí náà sórí bébà, ó fa okùn láti ọ̀kan dé èkejì, ó ń wá èyí tó di kọ́kọ́rọ́ mú. Òrùlé pẹ́ lóòótọ́, ó fa àjà àti ọ̀dà sẹ́yìn. Síbẹ̀ wọ́n kun ọ̀dà tó kẹ́yìn ní ọjọ́ kọkànlá. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kò sì dé títí di ọjọ́ kejìlá. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi dè é, tí wọ́n fi dán an wò. Ọjọ́ kẹrìndínlógún nìyẹn. Ní ìsàlẹ̀ àpótí ló ti rí lẹ́tà tí wọ́n fi béèrè ẹ̀rọ náà. Oṣù kejì ni wọ́n kọ ọ́. Òǹtẹ̀ ìfiránṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ sọ pé oṣù karùn-ún. Fún oṣù mẹ́ta, inú dúróà ẹnìkan ní ọ́fíìsì ìjọba ló wà.

Bí Ológbò bá gun òrùlé lójoojúmọ́, bí kò tilẹ̀ ṣàìsàn rí láyé rẹ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún náà ni.

Ó kó bébà rẹ̀ mọ́ra. Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, ó lọ sílé bàbá rẹ̀. Ọ̀nà náà kò yá a lára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti ń rí i bí èjìká bàbá yóò ṣe rọlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàsán."

"Kílófàá." Orúkọ náà ti dé etí rẹ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. "Wọlé. Má jókòó sórí àga yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń ṣe mo-lọ-mi-ò-lọ."

Ẹni ọgọ́rin ọdún ó dín méjì ni, ó ń dá gbé, ó ń tún àga àwọn aládùúgbò ṣe. Pẹ́ńsù ṣì wà lẹ́yìn etí rẹ̀. Lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni òòlù Ológbò gbé kọ́ láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, eruku kò sí lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ó se tíì, ó bu ṣúgà sí ti ọmọ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bó ṣe máa ń ṣe. Kílófàá tẹ́ bébà sórí tábìlì.

Bàbá rẹ̀ tẹjú mọ́ ọn. "Ọwọ́ mi nìyí."

"Ọwọ́ yín ni, Bàbá."

"Ta ló ń tọ́jú irú nǹkan báyìí?"

"Ìjọba ni."

"Ìjọba tí kò rí ọ̀nà tọ́jú." Ó mu tíì díẹ̀, ó gbé ife kalẹ̀. "O ti rí òjò."

"Mo ti rí i."

"Láti ọjọ́ tó o ti ní ìdádúró lo fẹ́ kọ́ nípa rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wàá rí i. Mo kàn ń retí ọjọ́ tó o máa gbé ojú yìí wọlé ni."

"Kò rí bí ẹ ṣe rò ó, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Ó sì fi hàn án. Bàbá kò gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n ń tù nínú. Ó gbọ́ ọ bí fọ́máànù tí wọ́n ń pa irọ́ fún.

"Orí òpó irin ni táǹkì yẹn wà," ló ní. "Kò kan òrùlé."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn, Bàbá. Kò kan òrùlé."

"À bá ṣí i láìsí omi."

"Ẹni tó máa bu ọwọ́ lùwé kò ní bu ọwọ́ lù ú láìsí omi. Bí kò bá sì bu ọwọ́ lù ú, wọn ò ní fi nọ́ọ̀sì ránṣẹ́. Lẹ́tà àwọn nọ́ọ̀sì rèé."

"Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà."

"Ọwọ́ yín ló wà. Bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn, ta ló máa wà nínú ilé tó máa gbẹ̀bí?"

Bàbá mú pẹ́ńsù lẹ́yìn etí. Ó ṣe é fúnra rẹ̀ ní etí bébà, pẹ̀lú òǹkà ńláńlá tí káfíńtà máa ń kọ sára pákó. Ó yọ ọjọ́ mọ́kànlá kúrò lára òrùlé. Ó tọ ìlà lọ. Ó já sí ẹ̀rìndínlógún. Ó pa á rẹ́, ó tún un ṣe. Ẹ̀rìndínlógún.

Kílófàá ń wo èjìká rẹ̀. Kò rọlẹ̀.

"Bí Ológbò bá wá síṣẹ́," ni bàbá wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ìyá rẹ á ṣì lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Kì í ṣe ẹ̀bi Bọ̀dá Ológbò."

"Àràárọ̀ ni mo máa ń kọ́ ilé yẹn." Ojú rẹ̀ kò kúrò lára bébà. "Kò sẹ́ni tí mo sọ fún rí. Bí mo bá jí, kí n tó dìde, mo máa ń kọ́ ọ. Màá gbé Ológbò dìde lórí ẹní. Á gun òkè, á kan páànù. Àwa á tẹ àjà, a ó kun ọ̀dà. Tó bá di ọjọ́ karùn-ún, màá fa kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́. Tó bá di ọjọ́ kẹsàn-án, ìyá rẹ á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbẹ̀, á máa bú mi nítorí fèrèsé. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. N kò pẹ́ rí níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń parí rẹ̀ lásìkò."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo òǹkà tó kọ.

"O wá ní kò sí ilé níbẹ̀."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Kílófàá kò rí i kí ó sunkún rí, kódà lẹ́bàá sàréè. Ó sunkún láìpariwo, bí ilé ṣe ń jò, níbì kan, lẹ́yìn náà níbòmíràn. Ọmọ rẹ̀ jókòó, kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Ó ti rò pé ẹrù lòun wá sọ̀ kalẹ̀ fún un. Kò mọ̀ pé inú ẹrù yẹn ni ìyá òun ń gbé.

Nígbà tó pẹ́, bàbá nu ojú. Ó wo ẹ̀bá ilẹ̀kùn. "Ológbò kò mọ̀."

"Kò mọ̀, Bàbá."

"Nígbà tó kú, ibo ni àwọn bébà yìí wà?"

Ó lè sọ pé ọ́fíìsì ìjọba ló wà. "Abẹ́ tábìlì mi."

Bàbá rẹ̀ yíjú sí i. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀. "Kí ló fà á?" ló béèrè, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà.

"Ẹ̀rù, Bàbá."

"Hun." Ó mi orí. "Ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ń kó ìwé wọ̀nyí sí kò jìnnà síbí. Mo máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ ra ìṣó. N kò wọlé béèrè lọ́jọ́ kan ṣoṣo."

Tíì ti tutù. Níta, ẹnìkan ń fa àga wá fún àtúnṣe, ó kan ilẹ̀kùn, bàbá ní kó gbé e síbẹ̀ kó padà wá lọ́la. Kílófàá bẹ̀rẹ̀ sí í ká bébà rẹ̀. Ó sọ pé òun ti ronú sí i, ilé mọ́kànlá ti tó fún ìwé òun, òun kò ní kọ ti ìkejìlá, kí ẹnikẹ́ni má baà pe bàbá òun ní onírọ́.

"Kọ ọ́," ni bàbá wí.

"Bàbá, wọn á ní fọ́máànù kọ òjò tí kò rọ̀."

"Ṣé òjò rọ̀ ni?"

Kílófàá gbé ọwọ́ kúrò lára bébà.

"Mo ti ìtorí ìwé yẹn sọ ọjọ́ mọ́kànlá nù. N kò lè ronú kàn wọ́n, torí pé bí mo bá ti rántí wọn, òjò ni mo máa ń rí. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ dáadáa ni wọ́n. Ìyá rẹ wà láàyè. Àbúrò rẹ̀ wà ní yàrá ẹ̀yìn tó ń ráhùn pé omi tó o gbé wá kò tutù." Ó na pẹ́ńsù rẹ̀ sí i. "Jókòó."

Ó jókòó. Ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé tí kò sí ohunkóhun, ó kọ ọjọ́ àkọ́kọ́ sí i.

"Oòrùn," ni bàbá pè fún un. "Ó ràn láti àárọ̀. Ìyá rẹ sá aṣọ ọmọ, kó tó di ọ̀sán, ó ti gbẹ."

Kílófàá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ di ojú, ó ń wá ọjọ́ kejì.